Aago Tí A Kì í Fọ̀

Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa ní Mitchellville, ní Amẹ́ríkà níbí. Kì í ṣe pé ẹnì kan sọ ọ́ fún mi. Ojú mi ló rí i, ọwọ́ mi ló sì kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé àìsùn ló ń ṣe mí, kó sọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òru, mo sì mọ ohun tí àìsùn lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Kí n tètè sọ èyí náà. Kò sí ohun tó ń jáde lára èèyàn tó máa ń rí mi lára. Egbò ni iṣẹ́ mi ní ọsibítù. Mo ti wẹ egbò tí ìdin wà nínú rẹ̀, mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo fọwọ́, mo sì jókòó jẹ ìrẹsì mi. Nítorí náà, bí mo bá wá sọ pé nǹkan kan lé mi ní èébì, kí ẹ gbà mí gbọ́.

Akóredé nìkan ni ọmọ wa. Ó kàwé jáde ní yunifásítì ní College Park, ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti ilé, yàrá abẹ́ ilé wa ló sì ń gbé. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń sọ, àyàfi ìkíni àti orúkọ oúnjẹ. Èmi ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá níbí. Kì í mutí, kì í jáde lálẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó gbà á lọ́kàn ni aago. Kì í ṣe aago wúrà tí àwọn èèyàn ń fi ṣe fáàrí. Aago àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òkun ni, àwọn tó ń wọ ibú lọ tún páìpù epo ṣe, àwọn tó ń wá ọkọ̀ tó rì. Aago àtijọ́ ni gbogbo wọn, tí wọ́n ti lò gan-an kí a tó bí i.

Ó máa ń pè mí wá wò wọ́n. Ó máa ń gbé wọn bí ẹní gbé ọmọ tuntun. Ó fi òrùka tó yí ojú aago ká hàn mí. Oníṣẹ́ abẹ́ omi á yí i kó tó wọ omi, kó lè mọ bí afẹ́fẹ́ òun ṣe kù sí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń yí sí. Bí nǹkan bá ṣèèṣì gbá a, ó lè sọ pé afẹ́fẹ́ ti fẹ́ tán nígbà tí kò tíì tán, ṣùgbọ́n kò lè sọ láé pé ó ṣì kù nígbà tí kò sí mọ́. Mo ní ẹni tó ronú ìyẹn, ìyá gidi ló tọ́ ọ. Akóredé rẹ́rìn-ín.

Ohun tí kò bá mi lára mu ni òfin wọn. Àwọn tó ń kó aago yìí jọ kì í fọ̀ ọ́. Wọn kì í dán an, wọn kì í pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀, wọn kì í yọ ìpẹtà ojú rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ti di bí èépá egbò, inú wọn á dùn sí i ni. Ìdọ̀tí tó wà láàárín ṣéènì rẹ̀ pàápàá, wọn á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

"Kí ni dúdú yìí?" mo bi í lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun.

"Ìdọ̀tí ni, Mọ́mì. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́."

"Awọ ara èèyàn ni. Awọ ara àti òógùn. Ti ta ni?"

"Ti ẹni tó wọ̀ ọ́."

"O sì ń fi jẹun."

"Ọwọ́ òsì ló wà, Mọ́mì. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń jẹun."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ẹkúndayọ̀ ọkọ mi kì í rí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Ó ní ọmọ ẹlòmíì ń kó ìbọn jọ. Ó ní, "Ìwọ náà ń kó abọ́ jọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí, a ò sì tíì fi jẹun rí." Aago náà kàn ń rí mi lára ni.

Ẹni tó máa ń bá Akóredé tún aago ṣe ni Ọ̀gbẹ́ni Felix, àgbàlagbà kan, adúláwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń gbé ní Temple Hills, tí kò jìnnà sí wa. Gáréèjì ilé rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ó ta aago kan fún Akóredé. Ó ní inú àpótí ẹrù kan tí òun rà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù olóògbé kan ni òun ti rí i, òun ò sì mọ ẹni tó ni ín. Akóredé wọ̀ ọ́ délé. Láti ọjọ́ náà, kò bọ́ ọ mọ́. Ó fi sùn.

Òórùn ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Mo ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, mo ṣílẹ̀kùn, mo sì dúró. Ó dà bí omi inú ìkòkò òdòdó tí wọ́n gbàgbé sórí tábìlì. Mo gbé ìdọ̀tí jáde. Mo da bílíìṣì sí ojú ihò omi ilé ìdáná. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ wo ẹ̀rọ tó ń fa omi abẹ́ ilé. Ó gbẹ. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́, bí àdúgbò wa ṣe máa ń rí nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Akóredé jáde láti yàrá rẹ̀, ó tẹríba kí mi. Òórùn náà tẹ̀ lé e jáde.

"Bọ́ aago yẹn," mo ní.

"Mọ́mì, kò sí nǹkan kan."

"Mo ní kí o bọ́ ọ."

Ó bọ́ ọ. Ṣéènì náà kò tètè ya kúrò lára rẹ̀. Ó ń dún bí pílásítà tó ti rin tí a ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ọmọ mi ti funfun. Ó wú, ó sì hunjọ, bí ìka ẹni tó ti ń fọṣọ láti ìdájí. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Omi yọ. Mo gbé ìka náà sí imú. Omi iyọ̀ ni, àti ẹran tó ti pẹ́ nínú omi.

Mo mọ irú awọ bẹ́ẹ̀. A máa ń rí i lára ẹni tí báńdéèjì tútù ti pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kí ara gbẹ ni ìwòsàn rẹ̀. Mo nu ọwọ́ rẹ̀, mo fi gọ́ọ̀sì gbígbẹ dì í, mo ní kó lọ sùn. Lẹ́yìn náà mo gbé aago náà lọ sí ilé ìdáná. Mo rò pé ìdọ̀tí inú ṣéènì ló kó àìsàn ràn án. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ọṣẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ nínú abọ́.

Kì í ṣe ìdọ̀tí dúdú ló jáde.

Ó funfun. Ó rọ̀. Ó ń jáde láàárín irin náà bí iṣu tí a tẹ̀ gba ojú asẹ́ kọjá. Mo fọ̀, ó ń jáde. Mo ṣí omi sí i, ó ń jáde. Ìdí abọ́ kò hàn mọ́. Mo fi ṣíbí gbé díẹ̀ sókè sí ojú fèrèsé, níbi tí oòrùn wà. Awọ ara ni. Kì í ṣe awọ tó ti kú tó ti gbẹ. Mo rí ojú ihò òógùn lára rẹ̀. Mo rí irun. Irun náà pupa, ó sì nà gbọọrọ.

Mo bì sínú abọ́ náà. Láti ìgbà tí mo ti di nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ kò tíì mú mi bì rí.

Nígbà tí mo gbé ojú sókè, Akóredé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò bínú. Ó wo abọ́ náà bí ẹni tí wọ́n ń túfọ̀ fún.

"Ẹ ti fọ̀ ọ́," ó ní. "Ohun tó kù nínú rẹ̀ nìyẹn."

Mo bi í pé kí ló ní lọ́kàn. Ó ní òun ò mọ ìdí tí òun fi sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ní a ó dá aago náà padà, kò sì bá mi jiyàn. Ní ọ̀sán Sátidé, èmi àti òun wà ní gáréèjì Ọ̀gbẹ́ni Felix. Ọkùnrin náà fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá omi tí mo fi fọ̀ ọ́ ti wọ inú rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n á gbé aago lé irin tó lọ́wọ́ọ́rọ́ títí ara rẹ̀ á fi gbóná. Wọ́n á wá kán omi tútù kan sí orí gíláàsì. Bí inú rẹ̀ bá gbẹ, kò ní sí nǹkan kan. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, abẹ́ gíláàsì á ṣú, bí ìgbà tí kùrukùru bò ó, níbi tí omi tútù kán sí.

Ó kán omi sí i. Abẹ́ gíláàsì ṣú.

Lẹ́yìn náà ó mọ́. Lẹ́yìn náà ó tún ṣú.

Ọ̀gbẹ́ni Felix ní kò yẹ kó mọ́. Ó nu omi orí rẹ̀ kúrò pátápátá. Ó ṣú. Ó mọ́. Ó ṣú. Kò yára, kò sì lọ́ra. Fáànù kan ń yí ní igun gáréèjì, òun nìkan ló ń dún. Mo wo aago náà títí, n kò tètè mọ ohun tó jọ. Ọ̀gbẹ́ni Felix kò wo aago mọ́. Àyà Akóredé ló ń wò. Èmi náà wò ó. Bí ọmọ mi bá mí jáde, gíláàsì á ṣú. Bó bá mí sínú, á mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Felix gbé aago náà kúrò lórí irin gbígbóná náà, ó jù ú sínú agolo, ó sì dé e. Ó ní kí a fi í sílẹ̀ fún òun. Kò wo ojú wa títí a fi wọ ọkọ̀.

Inú mi dùn. Kí n má purọ́, inú mi dùn gan-an. Aago ti lọ, òórùn náà sì lọ. Ọrùn ọwọ́ Akóredé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Awọ tó ti kú náà ń ṣí kúrò, mo ń fi ẹ̀mú kékeré yọ ọ́ láràárọ̀ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Abẹ́ rẹ̀ funfun. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi han Mujeebah tí a jọ ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ mi," ó ní. "Awọ tuntun ni. Dúdú rẹ̀ á padà."

Òótọ́ ni. Àìmọye aláìsàn ni mo ti sọ ọ́ fún. Ara àwa adúláwọ̀ máa ń pọ́n níbi tí egbò bá ti ń jinná, á sì padà dúdú.

Ṣùgbọ́n awọ tuntun máa ń dán, ó sì máa ń le. Èyí kò le. Ó rọ̀, ó wọ́. Bí mo bá fi ìka méjì fà á, kì í tètè padà. Àwọn àmì aláwọ̀ ilẹ̀ wà lára rẹ̀, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ọwọ́ àwọn arúgbó òyìnbó tí mo ń tọ́jú. Irun ti hù lára rẹ̀. Mo mọ irun náà.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì gé díẹ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Wọ́n ní awọ ara èèyàn ni, kò sì ní àìsàn kankan. Wọ́n fún wa ní ìpara.

Awọ náà gòkè. Ó bo ẹ̀yìn ọwọ́, ó bo àtẹ́lẹwọ́, ó ń gun apá lọ bí ìgbà tí èèyàn ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Awọ ọmọ mi, èyí tí mo fi òrí pa láti ọjọ́ tí mo bí i, ń hunjọ níwájú rẹ̀, ó sì ń já bọ́. Mo ń bá a lórí ibùsùn rẹ̀. Mo ń bá a nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo ń fi ọwọ́ kó o. Ó nira fún mi láti kọ ọ́ pé ara ọmọ mi ń rí mi lára, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Mo máa ń bì kí n tó dì í, mo máa ń bì lẹ́yìn tí mo bá dì í tán.

Akóredé ní kò dùn òun. Ó máa ń gbé apá náà sí abẹ́ iná tábìlì rẹ̀, á máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo mọ ojú tó fi ń wò ó. Lọ́jọ́ kan tí mo mú omi lọ́wọ́ọ́rọ́ wá, ó fà á sẹ́yìn.

"Ẹ má fọ̀ ọ́, Mọ́mì," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà."

Lánàá, mo dúró dìgbà tó sùn lórí àga gígùn ní pálọ̀. Ọ̀sán ni, mo ti ta aṣọ fèrèsé sókè. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo rọra bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ òsì rẹ̀. Ọwọ́ náà tutù. Ó tutù ju omi lọ. Ó sì di ìka mi mú.

Ó fà á. Kì í ṣe bí ẹni tó ń lá àlá. Ó fà á, ó fà á, ó dúró, ó tún fà á. Ojú Akóredé wà ní pípadé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a máa ń ṣe níbi iṣẹ́. Bí aláìsàn kò bá lajú, tí kò lè sọ̀rọ̀, a máa ń fi ọwọ́ wa sí tirẹ̀, a ó ní kó fún un pọ̀. Bó bá fún un, àwa náà á fún tirẹ̀ padà, kó lè mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Mi ò ronú. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Mo fà á padà, bó ṣe fà á gẹ́lẹ́.

Ọwọ́ náà dákẹ́. Akóredé la ẹnu, ó sì mí sínú. Ó mí sínú títí, bí ẹni tí kò tíì rí afẹ́fẹ́ rí.

Mo fẹ́ dìde lọ da omi nù. Mo fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Mímí rẹ̀ dúró. Mo gbọ́ bó ṣe dúró. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Mo di ọwọ́ náà mú pé kí n fà á sílẹ̀ láti tẹ àyà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Mo fi ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wo ọ́síjìn sí ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, nọ́ńbà wálẹ̀. Mo dì í mú, nọ́ńbà gòkè. Mo dán an wò títí ẹ̀rù fi bà mí láti tún dán an wò.

Mo fi ọwọ́ kejì pe Ọ̀gbẹ́ni Felix. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kí n fi ìka kan fóònù bí ọwọ́ náà ṣe fà á gan-an. Mo kàn án.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú òkun àwọn elépo rí. Ó ní nígbà èwe òun, òun ni òun máa ń di okùn mú lókè nígbà tí ẹnìkejì bá wà nísàlẹ̀ omi. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀. Bó ṣe ń fa okùn náà ló fi ń sọ ọ́. Ohun tí mo kàn yẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n fa òun sókè.

"Ṣé ẹ dá a lóhùn?" ó bi mí.

Mo ní mo fà á padà bó ṣe fà á.

"Bí ẹni tó wà lókè ṣe máa ń dáhùn nìyẹn. Ó túmọ̀ sí pé ẹ ti gbọ́, ẹ sì ti ń fà á bọ̀." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bí ẹ bá ti dáhùn, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi okùn sílẹ̀ mọ́."

Mo bi í pé ta ni mò ń fà.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń fà á nísàlẹ̀ omi," ó ní, ó sì pa fóònù.

Mo ti pè é lẹ́yìn ìyẹn. Kò gbé e mọ́.

Ẹkúndayọ̀ gbé Akóredé wá sí yàrá wa, èmi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọwọ́ mi nínú ọwọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti jókòó sórí àga yìí. Akóredé máa ń jí, á mu omi, á bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Á bi mí pé kí ló dé tí mò ń sunkún. Á tún sùn. Ẹkúndayọ̀ fẹ́ pe ọkọ̀ ọsibítù. Mo ní kó dúró. Mo mọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n á ní kí ìyá sún sẹ́yìn díẹ̀. Wọ́n á yọ ọwọ́ mi. Èmi náà ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ìyá.

"Fi í sílẹ̀," Ẹkúndayọ̀ ní láìpẹ́ yìí. "Wo apá ọmọ. Bó o ṣe ń dì í mú ló ń gòkè."

Òótọ́ ló sọ. Ó ti kọjá ìgbọ̀nwọ́. Ó ti fẹ́ dé èjìká.

"Wá dì í mú, kí n lè pè wọ́n," mo ní.

Ó sún mọ́ wa. Ó na ọwọ́. Ó wo ohun tó ń ṣàn láàárín ìka èmi àti ọmọ rẹ̀, ó sì yí ojú kúrò. Ó ti jókòó sórí àtẹ̀gùn báyìí. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́.

Òru ti jìn. Kò sí ọkọ̀ kankan lójú títì. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ èyí. Ọwọ́ òsì mi ti kú tipiri, ó sì tutù dé egungun. Ohun tó wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ wa ń yọ̀, ó ń jò sí itan mi, òórùn rẹ̀ ti wọ inú irun mi. Mo ti bì títí kò fi sí ohun tí mo tún lè bì. Ojú Akóredé tutù bí ìgbà tó wà ní ọmọ ọwọ́. Ó ń mí dáadáa.

Ọwọ́ náà ti ń fà á léraléra báyìí. Ó sì lágbára ju ti ọ̀sán lọ, bí ẹni tó ti ń sún mọ́ òkè.

Ó tún ti fà á. Mo ti dá a lóhùn.